Ọwọ́ Tó Ń Dá Ẹja Padà Sómi: Ìtàn Ìtọ́jú Ẹja Láàárín Àwọn Apẹja Ìgbafẹ́

Láàárín àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja fún ìgbafẹ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àṣà kan wà tó máa ń ya ẹni tó ń fi ẹja pípa jẹun lẹ́nu, èyí tí í ṣe pé kí apẹja fa ẹja sétí omi, kí ó yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kí ó sì dá a padà sínú odò láàyè. Àwọn tó ti kọ̀wé lórí àṣà yìí sábà máa ń sọ ọ́ bí ìtàn àánú tàbí ìtàn ìdáàbòbò odò, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ lé e láti ìgbà dé ìgbà, ohun tó hàn ni pé ìdápadà ẹja ti pẹ́ gan-an kí ìtọ́jú ẹja tó dé bá a. Fún ìgbà pípẹ́, ẹja tó bá ti lúwẹ̀ẹ́ lọ ni àwọn apẹja kà sí ẹja tó yè, wọn kò sì mọ̀ pé òmíràn nínú wọn ń lọ kú sí ìsàlẹ̀ omi lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó. Àánú àti òfin ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú nípa ohun tí ọwọ́ ń ṣe fún ẹja láàárín ìgbà tó kúrò nínú omi sí ìgbà tó padà síbẹ̀.

Ó yẹ kí a ya àṣà yìí sọ́tọ̀ kúrò lára èèwọ̀ odò tí àwọn Yorùbá mọ̀ dáadáa. Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja nínú odò náà, nítorí pé ti òrìṣà ni àwọn ẹja ibẹ̀. Ìwọ̀ kò gbọdọ̀ kàn wọ́n rárá. Ẹja àwọn apẹja ìgbafẹ́ yàtọ̀ sí èyí, nítorí pé ìwọ̀ ti gún un, ó ti jà títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ọwọ́ sì ti kàn án, kí wọ́n tó fún un ní òmìnira padà. Nítorí náà, ìbéèrè tó bí ìtàn yìí ni bí ẹja tí a ti ṣe báyìí sí ṣe lè yè, kì í ṣe bóyá ó tọ́ kí a pa á tàbí kí a má pa á.

Ìwé tó pẹ́ jù lọ tí wọ́n tẹ̀ lórí fífi ìwọ̀ àti ọ̀pá pẹja ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni A Treatyse of Fysshynge wyth an Angle, tí Wynkyn de Worde tẹ̀ jáde ní Westminster ní 1496, tí àwọn ènìyàn sì máa ń sọ pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Juliana Berners ló kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹ̀rí tó dájú lórí ìyẹn. Ìwé náà kìlọ̀ fún apẹja pé kí ó má ṣe wọ̀bìà, kí ó má sì kó ẹja púpọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkìlọ̀ lórí iye ẹja ni èyí. Kò sọ nǹkan kan lórí bí a ó ṣe tú ẹja sílẹ̀. The Compleat Angler, tí Izaak Walton kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1653, tí àwọn apẹja Gẹ̀ẹ́sì sì ń bu ọlá fún títí di òní, kún fún àlàyé lórí bí a ṣe ń se ẹja kọ̀ọ̀kan, débi pé kò sí iyèméjì nípa ibi tí ẹja Walton ń lọ. Ó di 1828 kí Humphry Davy, onímọ̀ kẹ́místírì tó ti jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù, tó kọ ìwé Salmonia, nínú èyí tó ti ṣàlàyé pé apẹja rere a máa pa ẹja rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ bó bá fẹ́ jẹ ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a dá a padà sómi. Ohun tí Davy ń sá fún ni ìjìyà tí kò wúlò. Ó jọ pé ó gbà pé ẹja tó padà sómi ti bọ́ nínú ìṣòro, bẹ́ẹ̀ sì ni ó jọ pé ọ̀pọ̀ apẹja ìgbà náà gbà.

Àwọn tó sọ ìdápadà ẹja di ìṣe ojoojúmọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ọlọ́rọ̀ bíi Davy, bí kò ṣe àwọn òṣìṣẹ́ ìlú ńláńlá bíi Sheffield, tí wọ́n kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ apẹja ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọn kò lè san owó odò tí salmon àti trout, àwọn ẹja tí ọlọ́rọ̀ kà sí jù, wà, èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, nítorí náà àwọn ẹja tí àwọn ọlọ́rọ̀ kò kà sí ni wọ́n ń pa nínú odò tó ń ṣàn jẹ́jẹ́ àti nínú àwọn ipa omi tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀. A. J. Mundella, aṣojú Sheffield nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ló ṣe agbátẹrù òfin 1878 tó ti omi pa fún irú ẹja wọ̀nyí láti ọjọ́ 15 oṣù kẹta sí ọjọ́ 15 oṣù kẹfà, kí ẹja lè yé ẹyin ní ìrọ̀rùn. Ẹgbẹ́ tó bá yá omi fún ọdún pípẹ́ ní ìdí tó pọ̀ láti má ṣe pa gbogbo ẹja inú rẹ̀, nítorí pé ẹja kan náà ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò tún wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí àkókò ti ń lọ, nínú ìdíje wọn, ẹja tí wọ́n bá mú máa ń wà nínú àpò àwọ̀n gígùn tí wọ́n rì sétí bèbè títí di ìgbà tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n tán, lẹ́yìn èyí ni wọ́n á da gbogbo rẹ̀ padà sínú omi.

Àpò àwọ̀n yìí fi hàn dáadáa bí èrò rere ṣe lè ṣáájú ìmọ̀. Oje yíyọ̀ kan bo ara ẹja, òun ló sì ń dènà àrùn. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìpẹ́ wà. Okùn òwú líle tó ní kókó níbi gbogbo tí ihò àwọ̀n ti pàdé a máa họ oje yìí kúrò, a máa bó ìpẹ́, a sì máa fa lẹbẹ ya, ibi tí ó bá sì ti bó ni àrùn kan tó rí bí òwú funfun máa ń gbà wọlé. Apẹja tó tú ẹja rẹ̀ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kì í sí níbẹ̀ nígbà tí òwú náà bá hù sára ẹja lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì padà fòfin de àwọ̀n oníkókó, ó sì pa á láṣẹ kí a máa lo àwọ̀n tí kò ní kókó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìran apẹja ni ó ti fi àwọ̀n líle ṣe oore kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, owó ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá ju àánú lọ. Láti 1864, nígbà tí Seth Green dá ibùdó ọ̀sìn ẹja sílẹ̀ ní Caledonia ní ìpínlẹ̀ New York, àwọn ará Amẹ́ríkà ti gbà pé odò tó bá ṣófo kò ju kí a tún fi ẹja ọ̀sìn kún un lọ. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá dá àjọ ẹja tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1871. Odò wá dà bí ìkòkò tí wọ́n ń bu ọbẹ̀ kún bí àwọn ọmọ ti ń jẹ ẹ́ tán. Ẹja ọ̀sìn ń náni lówó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni apẹja sì ń kó jáde láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n dé inú odò. Lee Wulff, tí wọ́n bí ní Alaska ní 1905, ayàwòrán tó di apẹja tó sì di awakọ̀ òfurufú, kọ ìwé kan ní ìparí àwọn ọdún 1930, nínú èyí tó ti sọ èrò kan tí gbogbo apẹja ìgbafẹ́ mọ̀ lónìí, pé ẹja tó mọ̀ ọ́n jà níye lórí ju ohun tí a lè mú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Ó rí ẹja tí a dá padà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn tí apẹja kan fi sílẹ̀ fún apẹja tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Wulff tún ṣe ohun mìíràn tí àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ kì í sábà fi ṣáájú. Títí di àkókò rẹ̀, ìkọ́ irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó lára ọ̀pá ni ọ̀pọ̀ apẹja salmon fi ń gbé ẹja tó bá ti rẹ̀ jáde, ẹja tí ìkọ́ irin bá sì ti gún ní ìhà kò ní ìrètí kankan mọ́. Wulff ń fi ọwọ́ lásán mú salmon níbi tí ìrù rẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́, níbi tí egungun ìrù ti le, tó sì gba ìdìmú. Bí ènìyàn bá ń wá ìgbà tí ìtọ́jú ẹja di ọ̀rọ̀ ọwọ́, ibí yìí ni ó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ sí wá a. Èrò nípa iye ẹja àti ọgbọ́n ọwọ́ pàdé lára ẹnì kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni àwọn ènìyàn gbà tí wọ́n fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Michigan ni ó kọ́kọ́ fi ìdápadà ẹja ṣe ètò ìjọba, ní 1952, láti dín owó tó ń lọ sórí trout ọ̀sìn kù. Albert Hazzard, onímọ̀ ẹja tó ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ náà, wà lára àwọn tó polongo èrò pé kí wọ́n ya apá kan odò sọ́tọ̀ fún àwọn tó fẹ́ pẹja fún ìdùnnú nìkan, ní 1954 sì ni wọ́n dán irú ètò bẹ́ẹ̀ wò ní ọgbà àdáyébá Great Smoky Mountains. Ní 1959, àwọn apẹja tó kóra jọ létí odò Au Sable ní Michigan dá ẹgbẹ́ Trout Unlimited sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó gbà pé ìtọ́jú odò fúnra rẹ̀ sàn ju dída ẹja ọ̀sìn sínú rẹ̀ lọ.

Ní àkókò kan náà gan-an, ní Vancouver, olùwádìí kan ń béèrè ohun tí àwọn tó ń ṣòfin kò tíì béèrè. Edgar Black ní Yunifásítì British Columbia tẹ ìwádìí jáde ní 1958 tó fi hàn pé eré àsápajúdé lè pa ẹja. Bí ẹja bá ń fi gbogbo agbára jà, iṣan rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ ju ọ́síjìn tó ń wọlé lọ, á wá máa ṣe ásíìdì láktíìkì, ìyẹn ásíìdì tó máa ń kó jọ sínú iṣan nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ ju èémí lọ, yóò sì gba ẹja ní ọ̀pọ̀ wákàtí kí ara rẹ̀ tó bọ̀ sípò. Ní 1983, Wood àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ méjì fi ìbéèrè náà gan-an ṣe àkọlé ìwádìí wọn, wọ́n ń béèrè ìdí tí ẹja fi ń kú lẹ́yìn eré líle, wọ́n sì rí i pé ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀ nìkan kò tó láti ṣàlàyé ikú náà, pé ó ṣeé ṣe kí ìṣòro náà wà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan fúnra wọn. Ohun tó kan apẹja nínú gbogbo èyí kò ṣòro: okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, tó ń jẹ́ kí ìjà pẹ́, tí àwọn kan sì kà sí ẹ̀rí akọni, ni ó ń ṣe ẹja ní ibi tó pọ̀ jù.

Ìwádìí tó wá gbajúmọ̀ jù lọ ni ti Ferguson àti Tufts, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Kánádà ní 1992. Wọ́n lé trout títí ó fi rẹ̀ ẹ́ pátápátá, wọ́n dá apá kan padà lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì gbé ìyókù sínú afẹ́fẹ́. Nínú àwọn tí kò kúrò nínú omi, nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú; nínú àwọn tó wà nínú afẹ́fẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ìdá 38; nínú àwọn tó lo ìṣẹ́jú kan gbáko, ìdá 72. Ẹ̀yà tí ẹja fi ń mí, èyí tó pupa bí ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, jẹ́ awẹ́ tínínrín tínínrín tí omi ń tẹ́ sílẹ̀. Bí omi bá kúrò, awẹ́ wọ̀nyí á lẹ̀ mọ́ ara wọn, ọ́síjìn kò sì ní rí ọ̀nà wọlé, bó ti wù kí afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Níhìn-ín ni òye ẹni tó mọ ẹja ọjà nílẹ̀ Yorùbá lè ṣì í lọ́nà, nítorí pé àrọ̀ tí alájàpá gbé sínú agbada tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lómi lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara mìíràn tó fi ń mí afẹ́fẹ́, kò sì ní ìpẹ́ tí yóò bó. Trout kò ní irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀.

Láti inú ìwádìí yẹn ni ìmọ̀ràn pé kí ẹja má ṣe kúrò nínú omi ti rí agbára, ó sì yẹ kí a fi òótọ́ inú sọ pé agbára náà ju ohun tí ìwádìí náà lè gbé lọ. Wọ́n ti fi ọpọ́n tínínrín kan sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹja Ferguson àti Tufts kí wọ́n lè máa gba ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n sì ti lé wọn ju bí apẹja ti í ṣe lọ. Àwọn tó dán irú rẹ̀ wò lórí trout inú odò ní ìpínlẹ̀ Idaho lẹ́yìn 2010 rí i pé ìṣẹ́jú kan nínú afẹ́fẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ pa ẹja tí apẹja mú lọ́nà tó wọ́pọ̀. Èyí kò sọ ìmọ̀ràn náà di asán, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé iye ikú kì í ṣe ohun kan tó dúró sójú kan. Ooru omi, bí ìjà ṣe pẹ́ tó, àti ibi tí ìwọ̀ gún, ni ó ń pinnu rẹ̀ pọ̀.

Yellowstone, ọgbà àdáyébá kan ní Amẹ́ríkà, ni ó fi èyí hàn jù. Ní 1973, àwọn alákòóso ọgbà àdáyébá náà pàṣẹ pé kí wọ́n máa dá cutthroat trout padà ní apá kan odò Yellowstone, ìyẹn trout kan tó ní àmì pupa lábẹ́ àgbọ̀n, tí apẹja ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tán níbẹ̀. Nígbà tí Schill àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìṣirò wọn jáde ní 1986, ó hàn pé wọ́n ń mú ẹja kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ìgbà 9.7 láàárín àsìkò kan ṣoṣo, síbẹ̀ àwọn tó ń kú kò ju ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ fún mímú kọ̀ọ̀kan. Omi ibẹ̀ tutù, ẹja kò sì sábà gbé ìwọ̀ mì, nítorí pé ìjẹ èké ni ọ̀pọ̀ apẹja ń lò, ìyẹn ìyẹ́ àti òwú tí wọ́n dì mọ́ ìwọ̀ kí ó jọ kòkòrò. Ìjẹ gidi, bí ekòló, ni ẹja máa ń gbé mì wọ inú, ìwọ̀ tó bá sì dé ọ̀fun tàbí àgbègbè ọkàn ni ó ń pa ẹja ju ohunkóhun lọ. Mason àti Hunt ti fi hàn ní 1967 pé trout tó gbé ìwọ̀ mì máa ń yè púpọ̀ sí i bí apẹja bá gé okùn, tó sì fi ìwọ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀, ju bí ó bá fi tipátipá fà á yọ lọ. Ìmọ̀ yìí lòdì sí ìmọ̀lára, nítorí pé ó dà bí ìwà àìbìkítà láti fi irin sílẹ̀ nínú ọ̀fun ẹran ààyè.

Ìwọ̀ fúnra rẹ̀ náà yí padà. Ẹ̀gún kékeré tó kọjú sẹ́yìn lẹ́nu ìwọ̀ wà níbẹ̀ kí ẹja má baà já bọ́; ẹni tí kò ní jẹ ẹja náà kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀, nítorí náà àwọn apẹja bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀mú tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ tàbí kí wọ́n ra ìwọ̀ tí kò ní in, ìwọ̀ sì ń yọ wẹ́rẹ́ láìjẹ́ pé ọwọ́ kan ara ẹja rárá. Ní ti inú òkun, ìwọ̀ tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ wọ inú bí òrùka, èyí tí àwọn ènìyàn erékùṣù Pàsífíìkì ti ń fi egungun àti ìkarahun ṣe láti ayébáyé, ni àwọn apẹja òde òní padà sí, nítorí pé bí ẹja bá tilẹ̀ gbé e mì, ó máa ń rọra fà jáde títí yóò fi kọ́ igun ẹnu.

Ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ìdíje ni ó gbé àṣà náà dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ray Scott, tó ń ta ìbánigbófò ní Montgomery ní ìpínlẹ̀ Alabama, ṣètò ìdíje bass àkọ́kọ́ rẹ̀ lórí adágún Beaver ní Arkansas ní 1967, ó dá ẹgbẹ́ B.A.S.S. sílẹ̀ ní 1968, nígbà tó sì di 1972 ó bẹ̀rẹ̀ ìpolongo pé kí àwọn adíje má ṣe pa ẹja wọn. Bass jẹ́ ẹja ẹlẹ́nu gbàǹgbà tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn adágún ibẹ̀, ẹ̀rù sì ti ń ba àwọn tó ń gbé létí adágún pé àwọn adíje yóò kó o tán. Ọkọ̀ wá gbọ́dọ̀ ní àgbá omi tí ẹ̀rọ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, ẹni tó bá sì gbé òkú ẹja wá sí ibi ìwọ̀n, wọ́n á yọ nínú máàkì rẹ̀. Èrè ló mú kí àwọn tó ń kan ọkọ̀ ṣe àgbá tó dára, ìyẹn sì ṣe ju ìwàásù lọ. Ṣùgbọ́n ẹja tó lo gbogbo ọ̀sán nínú àgbá gbígbóná, tí wọ́n kó sínú àpò, tí wọ́n gbé sórí òṣùwọ̀n níwájú èrò, tí wọ́n sì tú sílẹ̀ níbi tó jìnnà sí ilé rẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ yè bí ìkéde ìdíje ti ń sọ.

Àwọn tó ń pa carp, ẹja adágún kan tó lè tóbi gan-an, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sọ ìtọ́jú di ìlànà tó kún rẹ́rẹ́ jù lọ. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án 1952, Richard Walker mú carp kan tó tó kílò 20 ní adágún Redmire ní Herefordshire, kò pa á, kò sì dá a padà. Ó fi í ránṣẹ́ sí ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń wò ó lábẹ́ orúkọ Clarissa títí tó fi kú ní 1971. Carp ńlá kò pọ̀ nínú adágún kan, ó sì máa ń pẹ́ láyé, nítorí náà àwọn tó tẹ̀ lé Walker bẹ̀rẹ̀ sí mọ ẹja kọ̀ọ̀kan nípa ìpẹ́ rẹ̀, wọ́n ń fún un lórúkọ, wọ́n sì ń retí rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Carp kan tí wọ́n ń pè ní Benson, tó kú nítòsí Peterborough ní 2009, ni wọ́n ti mú ju ìgbà 60 lọ. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun yóò tún pàdé ẹja kan náà kì í jù ú sórí koríko gbígbẹ. Láti inú irú ojúlùmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹní rírọ̀ tí wọ́n ń fi omi rin kí wọ́n tó tẹ́ ẹja lé e, àpò ìwọ̀n tí kì í họ ìpẹ́, oògùn tí wọ́n ń kán sójú ọgbẹ́ ìwọ̀, àti àṣà kíkúnlẹ̀ ya àwòrán kí ẹja má baà já bọ́ láti òkè, ti wá.

Ọ̀rọ̀ àwòrán yìí gba àkíyèsí díẹ̀. Kí ẹ̀rọ kámẹ́rà tó dọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, apẹja tó fẹ́ ẹ̀rí gbọ́dọ̀ pa ẹja rẹ̀ kí wọ́n lè kì í, kí wọ́n sì gbé e kọ́ ògiri. Kámẹ́rà ló gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ẹja là. Kámẹ́rà kan náà ló wá di ohun tó ń mú kí ẹja pẹ́ jù nínú afẹ́fẹ́, nítorí pé apẹja yóò gbé e sókè, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì tún gbé e bí àwòrán kò bá mọ́lẹ̀. Àwọn kan máa ń gbé ẹja wúwo kọ́ àgbọ̀n rẹ̀ kí ó lè hàn gígùn, bẹ́ẹ̀ omi ló ń gbé ìwúwo ẹja ní gbogbo ayé rẹ̀, kò sí ohun tó mú àgbọ̀n àti ẹ̀yìn rẹ̀ gbára dì fún irú ìfàrọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ kan lábẹ́ ikùn, èkejì nídìí ìrù, ni ó tọ́. Ìpínlẹ̀ Florida fi òfin mú ọ̀rọ̀ yìí ní 2013 lórí tarpon, ẹja fàdákà ńlá tó wà ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà náà: èyí tó bá gùn ju nǹkan bí mítà kan lọ kò gbọdọ̀ kúrò nínú omi rárá, àfi ti ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ pàtàkì fún ìdíje ẹja tó tóbi jù láyé.

Fún salmon, ìjọba ló gba iwájú. Kánádà pàṣẹ ní 1984 pé kí wọ́n máa tú salmon ńlá sílẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ etí òkun Àtìláńtíìkì rẹ̀, àwọn tó ń ṣàkóso odò Dee ní Skọ́tílándì gbà á ní 1995, láti 2016 sì ni ìjọba Skọ́tílándì ti ń yẹ odò kọ̀ọ̀kan wò lọ́dọọdún, tí òfin sì fi dandan lé ìdápadà gbogbo salmon níbi tí iye wọn kò bá tó. Ìmọ̀ lórí ooru omi wọ inú òfin pẹ̀lú: omi gbígbóná kò lè gba ọ́síjìn púpọ̀, ara ẹja sì ń béèrè rẹ̀ sí i nígbà náà. Ní Montana, bí ooru odò trout bá dé nǹkan bí ìwọ̀n 23 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, àwọn alákòóso lè ti odò náà pa láti aago méjì ọ̀sán títí di ọ̀gànjọ́ òru. Nínú òkun, ẹja tó ti ibú jíjìn jáde a máa wú, nítorí pé àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń gbòòrò bí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ omi ti ń dín kù, ojú rẹ̀ a yọ síta, yóò sì léfòó láìlè padà sísàlẹ̀. Ní 2022, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi dandan lé e pé kí ẹni tó ń pa ẹja orí àpáta ní Gọ́ọ̀fù Mẹ́síkò ní abẹ́rẹ́ tí a fi ń tú afẹ́fẹ́ náà jáde tàbí irinṣẹ́ oníwúwo tó ń gbé ẹja padà sí ibú, ní sẹpẹ́ nínú ọkọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ìmọ̀ ìtọ́jú ń pọ̀ sí i báyìí, àwọn orílẹ̀-èdè méjì ní àárín Yúróòpù pinnu pé àṣà náà fúnra rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀. Òfin ìdáàbòbò ẹranko tí Jámánì ṣe ní 1972 sọ pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi ìrora jẹ ẹranko láìsí ìdí tó bọ́gbọ́n mu, àwọn tó ń fi òfin náà sílò sì gbà pé oúnjẹ jẹ́ irú ìdí bẹ́ẹ̀, pé ìgbádùn nìkan kò tó. Lórí ìbéèrè bóyá ẹja tilẹ̀ ń mọ ìrora, ní 2003, olùwádìí Lynne Sneddon àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Skọ́tílándì gún ètè trout ní oró oyin àti ásíìdì, wọ́n sì rí i pé àwọn ẹja náà kọ oúnjẹ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́ta, òmíràn nínú wọn sì ń fi ètè ra òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ omi. Olùwádìí mìíràn, James Rose, ti jiyàn ní 2002 pé ẹja kò ní apá ọpọlọ tó lè jẹ́ kí ó mọ ìrora bí ènìyàn ti mọ̀ ọ́n, àríyànjiyàn náà kò sì tíì parí. Switzerland kò dúró dè é: láti oṣù kìíní 2009, ẹni tó bá lọ pẹja pẹ̀lú èrò láti dá a padà ti rú òfin níbẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ gba ìwé àṣẹ ọlọ́jọ́ pípẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ti ń bá ẹja lò.

Síbẹ̀, ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, ẹja tí kò tó ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀, àti èyí tí àsìkò rẹ̀ kò tíì tó, gbọ́dọ̀ padà sómi láàyè, nítorí náà apẹja tí òfin ní kó pa èyí tó tóbi gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń rì ọwọ́ bọ omi kí ó tó kan èyí tó kéré, bí a ti ń yọ ìwọ̀ nígbà tí ẹja ṣì wà nínú àwọ̀n, àti ìgbà tó yẹ kí a gé okùn.